Dúútì ń lọ sílẹ̀, ọ̀nà ò ṣí: ohun tí àwọn ìjọba fi rọ́pò owó ibodè

Kòkó tó bá kúrò ní Ondo, tó gba Àpápá lọ sí Yúróòpù, kì í san dúútì. Tó bá ti jẹ́ kóró kòkó tí ẹnikẹ́ni ò tíì lọ̀, òdo ni owó tí kọ́sítọ́ọ̀mù wọn ń gbà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ lè rò pé ẹnu ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àmọ́ lọ́dún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan pé kòkó, kọfí, epo ọ̀pẹ, rọ́bà, sóyà, igi àti màlúù kò gbọdọ̀ wọ ọjà àwọn, àfi tí ẹni tó kó o wọlé bá lè fi hàn pé ilẹ̀ tí ó ti jáde kì í ṣe igbó tí wọ́n pa lẹ́yìn ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 2020. Kì í ṣe kó fẹnu sọ ọ́ lásán o. Ó gbọ́dọ̀ fi àmì ibi tí oko kọ̀ọ̀kan wà lórí máàpù sílẹ̀, èyí tó bá sì ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, ìyẹn nǹkan bí éékà mẹ́wàá, wọ́n ní láti ya ààlà rẹ̀ yíká. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, síbẹ̀ àwọn tó ń ra kòkó ti ń gbé fóònù wọ oko kiri láti ya ilẹ̀.

Kọ́bọ̀ kan ò wọ àpò ìjọba Yúróòpù nínú gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ ò bá sí lórí máàpù, kòkó rẹ̀ ò ní dé Amsterdam lọ́jọ́ tí òfin náà bá mú. Ohun tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń pè ní ìdènà tí kì í ṣe ti dúútì nìyẹn. Bí ẹ bá ń gbọ́ lórí rédíò pé dúútì ti ń dínkù káàkiri ayé, tí ẹ tún ń gbọ́ pé ọjà wa ò rí ọ̀nà wọ ìlú òyìnbó, òtítọ́ ni méjèèjì. Bí méjèèjì ṣe lè jẹ́ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú dúútì fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń pa owó wọlé fún ìjọba, ó sì ń mú kí ọjà òkèèrè wọ́n díẹ̀ ju ti ilé lọ kí ti ilé lè tà. Ohun tó dára lára rẹ̀ ni pé ojú rẹ̀ hàn. Iye rẹ̀ wà nínú ìwé, ẹjẹ́ǹtì yín lè ṣírò rẹ̀ kí ọkọ̀ ojú omi tó gbéra rárá. Tí ẹ bá ti san án, ọjà ti di tiyín.

Àwa Yorùbá ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ owó ibodè. Oníbodè ti wà lẹ́nu odi ìlú tipẹ́, tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn alájàpá tó ń kọjá. A sì mọ èkejì rẹ̀, ìyẹn títì ọ̀nà. Ìjẹ̀bú kì í jẹ́ kí ará òkè gba ilẹ̀ wọn kọjá sí Èkó, wọn kì í sì í jẹ́ kí ará Èkó gòkè. Àwọn ni kí wọ́n ṣe alágbàtà láàárín. Ní oṣù Kìíní, ọdún 1892, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú ṣe àdéhùn pẹ̀lú Gómìnà Carter ní Èkó pé àwọn á fagi lé owó ibodè, kí ìjọba Èkó máa san £500 lọ́dún fún wọn dípò rẹ̀. Owó ibodè kúrò lórí ìwé, ọ̀nà ò sì tíì ṣí. Wọ́n dá òyìnbó ajíhìnrere kan padà lọ́nà, Carter fi ìyẹn ṣe àwíjàre, ogun Ìmagbọn sì bẹ́ ní oṣù Karùn-ún. Ẹni tó bá mọ ìtàn yẹn ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ìdajì tó kù bẹ̀rẹ̀ ní Geneva. Lọ́dún 1930, Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tó gbé dúútì sókè lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọjà, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn gbẹ̀san, òwò láàárín orílẹ̀-èdè sì rún wómúwómú ní àsìkò tí ebi ti ń pa gbogbo ayé. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, orílẹ̀-èdè 23 kóra jọ sí Geneva lọ́dún 1947, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n ń pè ní GATT, ìyẹn àdéhùn àpapọ̀ lórí dúútì àti òwò. Nàìjíríà wọ̀ ọ́ ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1960, òmìnira ò tíì pé oṣù méjì. Ọgbọ́n inú àdéhùn náà ni pé kí gbogbo wọn jọ máa gé dúútì kù, àti pé orílẹ̀-èdè tó bá ti ṣèlérí iye kan kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀ mọ́. Wọ́n ń ṣe ìpàdé lẹ́yìn ìpàdé, ọdún lẹ́yìn ọdún. Nígbà tí èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Uruguay lọ́dún 1986 fi parí lọ́dún 1994, ìpíndọ́gba dúútì tí àwọn orílẹ̀-èdè olówó ń gbà lórí ọjà ilé-iṣẹ́ ti ti ìdá 6.3 bọ́ sí ìdá 3.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, WTO, ìyẹn Àjọ Òwò Àgbáyé tí Ngozi Okonjo-Iweala wa ń darí láti ọdún 2021, dìde rọ́pò GATT.

Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n àwọn tí dúútì ń dáàbò bò ò kú. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ mọ́tò ní Detroit ṣì ń dìbò. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Faransé ṣì lè fi katakata dí títì Paris. Ìjọba tí wọ́n ń bẹ̀ pé kó dáàbò bo àwọn kò lè gbé dúútì sókè mọ́, nítorí ó ti fọwọ́ sí ìwé. Kí ló kù tó máa ṣe? Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti gba ilé rí l'Ékòó. Onílé tí wọ́n bá sọ fún pé owó ilé ò gbọdọ̀ kọjá iye báyìí, kò ní jiyàn. Àgíríìmẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n ni yóò fi mú owó rẹ̀. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ India kan, Jagdish Bhagwati, fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe òfin kan tí òun fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀: ó ní iye ààbò tí wọ́n ń fún ọjà ilé kì í yí padà, ibi tó ń gbà wọlé ló ń yí. Mo rò pé ó sọ àsọdùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn mọ́tò Japan fi ọ̀pọ̀ òótọ́ sínú rẹ̀.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, epo bẹtiróòlù gbówó lórí, àwọn ará Amẹ́ríkà wá ń wá mọ́tò kékeré tí kì í jẹ epo. Japan ló ní in. Chrysler, ilé-iṣẹ́ mọ́tò Amẹ́ríkà kan, fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá sílé, òṣìṣẹ́ ń pàdánù iṣẹ́. Dúútì tí Amẹ́ríkà ń gbà lórí mọ́tò kéékèèké nígbà náà kò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ti ṣèlérí pé òun ò ní gbé e sókè. Nítorí náà, lọ́dún 1981, ìjọba Reagan bá Japan sọ̀rọ̀, Japan sì “fínnúfíndọ̀” gbà láti má kó ju mọ́tò mílíọ̀nù 1.68 lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún kan. Gbogbo ayé mọ̀ pé bí wọn ò bá fínnúfíndọ̀ gbà, ohun tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ ń bọ̀.

Ẹ wá wo ibi tí owó gbà lọ. Ká ní dúútì ni wọ́n gbé sókè ni, mọ́tò Japan á wọ́n, iye tí wọ́n fi kún un á sì wọ àpò ìjọba Amẹ́ríkà, wọ́n lè fi ṣe títì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dín iye mọ́tò kù, mọ́tò Japan ṣì wọ́n, nítorí àwọn tó fẹ́ rà á pọ̀ ju mọ́tò lọ. Ta ló jẹ èrè owó tó wọ́n yẹn? Toyota, Honda àti Nissan. Àwọn ará Amẹ́ríkà sanwó fún àwọn ilé-iṣẹ́ Japan kí wọ́n lè dáàbò bo àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà náà ò sùn, wọ́n gbé owó mọ́tò tiwọn sókè, nítorí kò sí ẹni tó ń lé wọn mọ́.

Èyí tó tẹ̀ lé e ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ka iye mọ́tò fún ọ, tí wọn ò ka iye owó rẹ̀, kí lo máa kó lọ? Èyí tó wọ́n jù ni. Japan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mọ́tò ńlá, mọ́tò olówó. Honda gbé Acura jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1986, Toyota gbé Lexus, Nissan gbé Infiniti lọ́dún 1989. Honda tún ti lọ kọ́ ilé-iṣẹ́ sí Marysville ní ìpínlẹ̀ Ohio, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò níbẹ̀ lọ́dún 1982, nítorí mọ́tò tí wọ́n bá tò nínú Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kò sí lára iye tí wọ́n kà. Mi ò sọ pé ìdènà yẹn nìkan ló bí Lexus tí àwọn ọ̀gá wa ń gùn ní Ìkòyí. Ṣùgbọ́n ó ti í síwájú. Ìdènà tí wọ́n ṣe láti fi gba Detroit là ló kọ́ Japan bí a ṣe ń bá Detroit du àwọn oníbàárà rẹ̀ tó lówó jù.

Ilẹ̀ Faransé ò tiẹ̀ bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn rárá. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1982, ẹ̀rọ fídíò láti Japan ń ya wọlé gìrọ́gìrọ́. Ìjọba ò gbé dúútì sókè, kò sì fòfin dè é. Ó kàn pàṣẹ pé gbogbo ẹ̀rọ fídíò tó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ lọ ṣe kọ́sítọ́ọ̀mù ní Poitiers. Poitiers kì í ṣe èbúté. Àárín ilẹ̀ ló wà, ó jìnnà réré sí Le Havre àti Marseille tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, ọ́fíìsì kékeré tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba lọ ni wọ́n sì ní níbẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n tú páálí, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, kí gbogbo ìwé rẹ̀ wà ní èdè Faransé. Ẹ̀rọ fídíò kún ibẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Bó bá jẹ́ pé Tin Can ni wọ́n ti ṣe irú èyí fún yín, ẹ mọ orúkọ tí ẹ máa pè é. Àwọn oníròyìn ò sì gbàgbé pé ní ẹ̀bá Poitiers yìí kan náà ni Charles Martel ti dá àwọn ọmọ ogun Lárúbáwá dúró lọ́dún 732. Nígbà tó di ọdún 1983, Japan gbà láti dín iye ẹ̀rọ fídíò tó ń kó wá sí Yúróòpù kù, bí ọ̀rọ̀ Poitiers ṣe parí nìyẹn.

Japan náà kì í ṣe ẹni mímọ́. Ní ọdún 1986, wọ́n fẹ́ gbé ìlànà kan kalẹ̀ tó máa lé pátákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín tó ti Yúróòpù wá sẹ́yìn. Àlàyé wọn ni pé yìnyín ilẹ̀ Japan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn.

Nígbà tí WTO dé lọ́dún 1995, ó gbìyànjú láti dí àwọn ihò yìí. Àdéhùn “fínnúfíndọ̀” bíi ti mọ́tò di èèwọ̀. Àwọn tó ń ka iye oúnjẹ tó lè wọ ilẹ̀ wọn, wọ́n ní kí wọ́n sọ ọ́ di dúútì, kódà kí dúútì náà ga bí òrùlé, kí ojú rẹ̀ ṣáà ti hàn kí wọ́n lè máa bá ara wọn dúnàá-dúrà lórí rẹ̀. Ẹ kíyè sí ìyẹn dáadáa: àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òwò fúnra wọn gbà pé dúútì tó ga tó sì hàn sàn ju ìdènà tó fara pamọ́ lọ. Èrò tèmi náà nìyẹn.

Ohun kan wà tí WTO ò lè sọ di èèwọ̀ láé. Kò lè sọ fún orílẹ̀-èdè kan pé kó má dáàbò bo ìlera àwọn ọmọ rẹ̀, tàbí pé kó jẹ́ kí wáyà iná tí ò dára wọlé kó jó ilé mọ́ ènìyàn. Nítorí náà, àdéhùn méjì wà, ọ̀kan lórí oúnjẹ, ẹran ọ̀sìn àti ohun ọ̀gbìn, èkejì lórí ìlànà bí wọ́n ṣe ń ṣe ọjà. Àwọn méjèèjì gbà pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣòfin ààbò. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí òfin oúnjẹ ní ìdí nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kí wọ́n má fi òfin kan mú àlejò kí wọ́n fi òmíràn mú ọmọ onílé, kí ìdènà náà má sì ju ohun tí ọ̀rọ̀ náà gbà lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí òfin kan náà lè jẹ́ ààbò òtítọ́ kó sì jẹ́ ìdènà òtítọ́.

Ẹ̀wà wa jẹ́ àpẹẹrẹ. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2015, Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ ni dichlorvos, oògùn apakòkòrò tí ó wà nínú irú òtapiapia tí wọ́n ń tà nínú ìgò kéékèèké lọ́jà. Ìwọ̀n tí òfin wọn gbà láàyè ni míligíráàmù 0.01 nínú kílò kan. Èyí tí wọ́n rí nínú ẹ̀wà tí wọ́n dá padà bẹ̀rẹ̀ láti 0.03 ó sì lọ dé 4.6. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: èyí tó ga jù lọ jẹ́ ìlọ́po 460. Nígbà yẹn, ariwo tí ọ̀pọ̀ ń pa ni pé òyìnbó ò fẹ́ ká rí jẹ. Mi ò bá wọn pa á. Ẹ̀wà kan náà ni à ń fi ṣe mọ́ínmọ́ín ní ilé wa. Kò sí ilé-iṣẹ́ ẹ̀wà kankan ní Yúróòpù tí wọ́n ń dáàbò bò. Ohun tí mo lè bá wọn jà lé lórí ni pé ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, wọ́n tún fi ọdún mẹ́ta lé e, gbogbo ẹ̀wà Nàìjíríà ni wọ́n sì dè, àti ti ẹni tó fi oògùn sí i àti ti ẹni tó kó o pamọ́ sínú àpò tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀.

Ẹ wá gbé ọ̀ràn ẹ̀pà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Májèlé kan wà tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, ó máa ń wà lára ẹ̀pà àti àgbàdo tó bá ti bu níbi ìpamọ́, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé ó léwu. Àjọ Codex, tó ń ṣètò ìlànà oúnjẹ fún gbogbo ayé, ní ìwọ̀n tirẹ̀. Yúróòpù pinnu láti lo èyí tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan ní Báńkì Àgbáyé, tí Tsunehiro Otsuki ṣaájú wọn, ṣírò lọ́dún 2001 pé ìyàtọ̀ láàárín ìwọ̀n méjèèjì lè gé ọkà, ẹ̀pà àti èso gbígbẹ tí Áfíríkà ń tà sí Yúróòpù kù ní ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn mílíọ̀nù 670 dọ́là. Ẹ̀mí tí yóò gbà là? Nǹkan bí 1.4 nínú bílíọ̀nù kan èèyàn lọ́dún. Gbogbo àwọn tó ń gbé Àjọ Yúróòpù nígbà yẹn kò tó 400 mílíọ̀nù, èyí tó túmọ̀ sí pé kò tó ẹ̀mí kan lọ́dún. Àwọn mìíràn tó tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn náà sọ pé àdánù náà ò tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìbéèrè náà ò kúrò nílẹ̀: ta ló ń san owó àfikún ààbò yẹn, ta ló sì jókòó níbi tí wọ́n ti pinnu rẹ̀?

Nítorí náà, tí ẹ bá rí òfin kan tí wọ́n ní ó wà fún ìlera tàbí fún àyíká, ẹ má kánjú pè é ní ọ̀tá, ẹ má sì kánjú pè é ní ọ̀rẹ́. Ẹ wò ó bóyá àwọn tó ṣe é fi mú ọjà ilé tiwọn náà. Ẹ wò ó bóyá ọ̀nà mìíràn wà tí wọn ì bá gbé e gbà tí kò ní ni ọlọ́jà lára tó bẹ́ẹ̀. Àṣẹ Poitiers lórí fídíò kùnà nínú méjèèjì. Òfin tí wọ́n fi de ẹ̀wà wa ò fi bẹ́ẹ̀ kùnà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í sábà sọ, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù lọ. Dúútì máa ń gba ìdá kan nínú ohun tí ẹ bá kó. Ẹni tó kó díẹ̀ san díẹ̀, ẹni tó kó púpọ̀ san púpọ̀. Ìwé ò rí bẹ́ẹ̀. Ká ní ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò kan ń náni ní mílíọ̀nù kan náírà. Ìyá tó fẹ́ kó kọ̀ǹténà kan ṣoṣo àti ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kó àádọ́ta, mílíọ̀nù kan náà ni wọ́n máa san. Fún ilé-iṣẹ́, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ló bọ́ sórí kọ̀ǹténà kọ̀ọ̀kan, kò ju owó epo lọ. Fún ìyá, odindi èrè rẹ̀ lè bá a lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù ìlànà tuntun, tí àwọn kan nínú wọn tiẹ̀ máa ń rọ ìjọba pé kó mú un le sí i. Bí wọ́n bá fi ìwé rọ́pò dúútì, ọjà lè má dínkù rárá; iye àwọn tó ń tà á ni yóò dínkù.

Ká má máa nàka sí Yúróòpù nìkan. Nàìjíríà náà mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Lọ́dún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìwé dúútì kan náà, ìpele márùn-ún: òdo, ìdá 5, ìdá 10, ìdá 20, àti ìdá 35 tó ga jù. Àfikún díẹ̀ wà tí wọ́n gbà láàyè, ṣùgbọ́n Abújá ò lè gbé dúútì síbi tó bá wù ú mọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn gan-an ni Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun ò ní máa ta dọ́là fún ẹni tó bá fẹ́ kó ọjà 41 kan wọlé. Ìrẹsì wà níbẹ̀, sìmẹ́ńtì wà níbẹ̀, tòmátò alágolo, ẹja inú agolo, ọṣẹ, bárò, igi ìtayín, tùràrí àwọn ará India, títí kan ọkọ̀ òfuurufú aládàáni. Báńkì ò sọ pé ẹ má kó wọn wọlé. Ó kàn ní kí ẹ lọ wá dọ́là níbòmíràn.

Níbòmíràn ni ọwọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó lẹ́bàá títì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye tí báńkì ń ta dọ́là àti iye tí wọ́n ń tà á níta wá di dúútì tí wọn ò kọ sínú ìwé kankan. Nígbà tí ìyàtọ̀ náà fẹ̀ gan-an, ó wúwo ju dúútì tí ECOWAS gbà láàyè lórí àwọn ọjà mìíràn lọ, ṣùgbọ́n kò wọ àpò ìjọba. Ọdún mẹ́jọ ni ọ̀rọ̀ náà fi wà bẹ́ẹ̀ kí báńkì tó fagi lé e ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2023. Àwọn àgbà tó rántí ìjọba Shagari á sọ fún yín pé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: láyé ìgbà náà, láísẹ́nsì ìkọ́jàwọlé fúnra rẹ̀ ti di ọjà, ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ra àpò ìrẹsì kan lè gba láísẹ́nsì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ìjọba, kó sì tà á fún oníṣòwò gidi. Ọdún 1986 ni wọ́n tó pa láísẹ́nsì yẹn rẹ́.

Lẹ́yìn náà ni títì ibodè. Ní oṣù Keje, ọdún 2019, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ fún gbogbo Áfíríkà ní Niamey. Ní ogúnjọ́ oṣù tó tẹ̀ lé e, ó ti ibodè ilẹ̀ rẹ̀. Ìdí tó sọ ni fàyàwọ́ ìrẹsì àti ìbọn, fàyàwọ́ ìrẹsì sì wà lóòótọ́; Cotonou ń kó ìrẹsì wọlé ju èyí tí gbogbo ará Benin lè jẹ tán lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta gàrí láàárín Ìdí-Ìrókò àti Ìgólò ò kó ìrẹsì Thailand. Oṣù mẹ́rìndínlógún ni Sẹ̀mẹ̀ fi wà ní títì, wọ́n ṣí i ní oṣù Kejìlá, ọdún 2020. Ìdí-Ìrókò dúró di ọdún 2022. Ohun tó sì máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti ojú ọ̀nà ló ṣẹlẹ̀: owó tí àwọn èèyàn ì bá san fún kọ́sítọ́ọ̀mù ní ojútáyé, wọ́n san án fún àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà inú igbó.

Ẹnìkan lè ní, ṣé dúútì ò ti padà wá báyìí? Ó padà. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2025, Donald Trump kéde dúútì tuntun fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè. Ìdá 14 ló kọ́kọ́ pè é fún Nàìjíríà, ó di ìdá 15 ní oṣù Kẹjọ. Ṣùgbọ́n kò rọ́pò àwọn ìdènà tó kù, orí wọn ló gùn. Kódà, lára àwíjàre tí ìjọba Amẹ́ríkà ń mú wá ni pé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ń fi ìwé àti òfin dènà ọjà òun. Ní oṣù Kẹrin yẹn ni ọ́fíìsì tó ń bójú tó òwò òkèèrè wọn dárúkọ Nàìjíríà, wọ́n ní ó fòfin de ìsọ̀rí ọjà 25. Wọn ò purọ́ mọ́ wa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń dá àwọn tó ń fi òfin dènà lẹ́jọ́, Washington náà ò gbọdọ̀ jókòó sórí àga adájọ́.

Ní ti àwọn tó ń ṣòwò láàárín ilẹ̀ Áfíríkà, dúútì ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ìjọba máa ń fi ṣe ìpolongo. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 ni òwò ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àdéhùn Áfíríkà yẹn, ìlérí tó wà nínú rẹ̀ sì ni pé dúútì yóò kúrò lórí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún irú ọjà tó wà. Ẹ bi awakọ̀ tó ń gba ọ̀nà Èkó lọ sí Abidjan bóyá dúútì ni ìṣòro rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dá a dúró ní ẹnu ibodè kọ̀ọ̀kan àti láàárín ọ̀nà, tí wọ́n ń bi í léèrè ìwé tí ẹni tó wà lẹ́yìn ò béèrè, ni yóò sọ fún yín. Nítorí èyí ni Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà àti UNCTAD, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé tó ń rí sí òwò, fi ṣí ojúewé kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù Kìíní, ọdún 2020, tradebarriers.africa. Oníṣòwò tí wọ́n bá dá ọjà rẹ̀ dúró láìnídìí lè kọ ẹjọ́ síbẹ̀ láti orí fóònù: ibodè wo ni, ọjà wo ni, kí ni wọ́n ní kó mú wá. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n máa fi ẹjọ́ náà ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ tí ìjọba orílẹ̀-èdè tó kàn yàn fún un. Ṣùgbọ́n àwọn ìyálọ́jà wa tí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù lọ, àwọn ni wọn ò polongo rẹ̀ fún. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ń ná ọjà Cotonou tàbí Lomé, ẹ bá mi sọ ọ́ fún un.